Ojú Àtijọ́ Kọ́ Ló Ń Gbé Èrò Dé Ìkòyí

Ẹni tó bá dúró ní Takie fún wákàtí kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí kò gbọ́ àríyànjiyàn Boxer àti TVS, à fi kó jẹ́ pé orí ìdúró ló ti sùn. Àwọn ọlọ́kadà ló ń jà á, àwọn mẹkáníìkì ń dá sí i, àwọn àgbàlagbà tó kàn ń kọjá lọ á gbé Honda ayé ìgbà kan lé e lórí, àwọn ọmọ LAUTECH náà á sì fa fóònù yọ, wọ́n á fi máṣíìnì òyìnbó kan hàn wá, èyí tí iná iwájú rẹ̀ rí roboto, tí tánkì rẹ̀ ń dán bíi dígí. Wọn kì í fẹnu kò lórí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó dára jù. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbà: pé máṣíìnì tó bá ti jọ ti àtijọ́ ni ojúlówó. Ibẹ̀ gan-an ni èmi ti ta kò wọ́n.

Mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù pátì ọ̀kadà ni mo ní, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rìn débẹ̀ láti Takie. Pátì Boxer wà lọ́wọ́ mi, ti TVS wà, ti Honda náà wà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ilé-iṣẹ́ kan ló ń fún mi lówó láti polówó òun, kó fọkàn balẹ̀: gbogbo wọn ni mo ń jẹ lára wọn. N kì í gun ọ̀kadà ṣiṣẹ́. Ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá mi, ẹni tí wọ́n sì ń gbé ohun tó bàjẹ́ wá bá á mọ ohun tí ẹni tó ń ta máṣíìnì tuntun kò ní í sọ fún yín láé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Tí wọ́n bá ní àwòṣe àtijọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni iná iwájú tó rí roboto bí àwo ọbẹ̀, tánkì epo tó jókòó síwájú awakọ̀ láìsí ike kankan tó bò ó, àga gígùn tó tẹ́jú, ṣọ́ọ̀kì méjì lẹ́yìn, táyà onísípóòkì, àti irin dídán lára sàlẹ́ńsà. Ṣánṣán lèèyàn ń jókòó lórí rẹ̀, kì í tẹ̀ kòlọ́bà bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Bí Honda 175 tí àwọn tíṣà àti àwọn pásítọ̀ ń gùn nígbà kan ṣe rí nìyẹn. Ẹ wá wo Boxer 100 tó wà níwájú yín lónìí. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà ló rí?

Ní Yúróòpù àti Japan, irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú pópó nígbà tí ike bẹ̀rẹ̀ sí í bo máṣíìnì lára ní àwọn ọdún 1980. Lẹ́yìn náà ni àárò rẹ̀ wá ń sọ wọ́n. Kawasaki gbé W650 jáde ní 1999. Triumph jí orúkọ Bonneville dìde ní 2001, orúkọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ní 1959. Ní 2018, Honda gbé Super Cub C125 jáde, ó jẹ́ kó jọ Super Cub tó ti ṣe ní 1958. Kò yani lẹ́nu pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, nítorí nígbà tó fi máa di 2017, Honda ti ṣe ju 100 mílíọ̀nù Super Cub lọ. Lọ́dọ̀ wọn, ìrántí ni gbogbo èyí. Lọ́dọ̀ tiwa, kò lọ síbì kan rí tí a ó fi sọ pé ó padà dé.

Ohun kan wà tí Triumph ṣe tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn oníbàárà mi. Nígbà tí òfin èéfín le mọ́ wọn, wọ́n ní láti yọ kábúrétọ̀ kúrò lára Bonneville, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tuntun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n mọ ara ẹ̀rọ tuntun náà kó jọ kábúrétọ̀, kí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó má bàa rí i pé ayé ti yí. Kábúrétọ̀ gidi wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó wà nínú páálí, eruku ti bò ó. Mi ò tètè mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ ni mo ń tà!

Mi ò bú ẹni tó ń ra Bonneville. Mọ́tò ti wà nílé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, tí ara rẹ̀ sì yá, ló máa ń gbé e jáde, á fi aṣọ nù ún, á gùn ún lọ, á gùn ún bọ̀, á dá a padà sínú ilé. Bí ó bá bàjẹ́ fún oṣù kan, ebi kò ní í pa ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà tó wà ní Takie ti gbé ìyàwó aláago mẹ́fà tó ń lọ sọ́jà, ó ti gbé akẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ sí Under G, ó ti gbé àpò gaàrí àti iṣu bọ̀ láti ọ̀nà Ìkòyí kí oòrùn tó mú. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lónìí, ilé kan wà tí wọn ò ní í dáná lálẹ́. Báwo la ṣe fẹ́ fi ojú kan náà wo méjèèjì?

Ọ̀rọ̀ Royal Enfield ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. England ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ní 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to máṣíìnì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bullet ní Madras, ìlú tó ń jẹ́ Chennai lónìí. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1970, ti England ti kógbá sílé. Àwọn ará India kò dúró. Wọ́n ń ṣe Bullet náà lọ, kì í ṣe nítorí ìrántí kankan, ṣùgbọ́n nítorí pé sọ́jà ń gùn ún, ọlọ́pàá ń gùn ún, ẹni tó ń ta wàrà ń gùn ún, mẹkáníìkì abúlé sì mọ̀ ọ́n tú. Lónìí, wọ́n ń kó o padà lọ tà fún àwọn òyìnbó. Ohun tí ará India ń lò torí pé ó ń bá a ṣiṣẹ́ ni òyìnbó wá ń rà torí pé ó jọ ti bàbá rẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, ta lẹ rò pé ó yẹ kí ọlọ́kadà Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́gbọ́n lára rẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń fi fóònù hàn wá ti wá dùn gan-an nìyí. Norton tí wọ́n ń fi hàn wá, tí wọ́n ní òun ni máṣíìnì àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, TVS ló ni ín. Ó rà á ní oṣù Kẹrin 2020. Triumph Speed 400 tó jáde ní 2023, tó ní iná roboto àti tánkì dídán, Bajaj tó ń ṣe Boxer ló ń bá Triumph ṣe é ní India. Ọmọ náà á fara ti Boxer, á máa fi Triumph hàn mí, kò sì mọ̀ pé ọwọ́ tó mọ ọ̀kan ló mọ èkejì. Àwọn olówó ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ dáadáa. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń ta ìrántí fún, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń ta irinṣẹ́ fún. Àwa nìkan la dà á pọ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń mi orí tí ẹ bá rí máṣíìnì India? Ẹ ní ti Japan ni irin, páànù ni ti India. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Bajaj àti Kawasaki ti Japan jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti inú ìmọ̀ tí wọ́n jọ pa pọ̀ yẹn sì ni Boxer ti jáde. TVS àti Suzuki ti Japan jọ ṣòwò pọ̀ láti àwọn ọdún 1980, ọdún 2001 ni wọ́n tó túká. Àwọn ọmọ ọ̀gá méjì ni wọ́n, wọ́n kọ́ṣẹ́, wọ́n gbòmìnira, wọ́n wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ta ló máa ń bú ọmọṣẹ́ tó gbòmìnira pé kò mọṣẹ́ torí pé kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀? Honda tí ẹ sì ń sunkún rẹ̀ pé ó ti lọ, kò lọ síbi tó jìn. Láti 1979 ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì gbé Ace CB 125 jáde fún wa ní 2011. Ẹ bọ́ síta, kí ẹ ka iye tí ẹ bá rí ní Takie.

Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni àwọn àgbà ń pa. Máṣíìnì kan wà tí ìyìn yẹ, mo sì fẹ́ ká mọ ohun tí a ń yìn lára rẹ̀. Ní 1976, Honda gbé CG125 jáde. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì tí Honda ń ṣe máa ń dára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìtọ́jú: kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, kí a tún ṣéènì inú rẹ̀ tò lásìkò. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ Honda wá rí i pé ní àwọn ilẹ̀ bíi tiwa, ìgbà tí máṣíìnì bá kọ̀ láti lọ ni wọ́n ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Dípò kí wọ́n bú wa, wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì tó lè fara da ìwà wa. Wọ́n yọ ṣéènì tó máa ń gun òkè ẹ́ńjìnnì kúrò, wọ́n fi ọ̀pá irin rọ́pò rẹ̀. Wọ́n bo ṣéènì ẹ̀yìn kí iyanrìn má bàa jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ́ kó rọrùn láti tú. Ìyẹn ni agbára tí ẹ̀yin bàbá wa rí, tí ẹ̀ ń pè ní irin àtijọ́. Iná roboto kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi iná onígun mẹ́rin sí i, bákan náà ni ì bá ṣe lò pẹ́.

Gbàrà tí ayé sì ti rí i pé ẹ́ńjìnnì náà dára ni àwọn ilé-iṣẹ́ China bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ, lábẹ́ orúkọ tó pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè kà. Àwọn kan ṣe é dáadáa. Àwọn mìíràn mú ojú rẹ̀, wọ́n fi egungun sílẹ̀. Láti òkèèrè, ẹ ò lè mọ ìyàtọ̀. Ọwọ́ mi ni ìyàtọ̀ náà máa ń dé: bẹ́ríǹ tó ti jẹ lóṣù kejì, ṣéènì tó ti gùn bí òwú, jíà tí eyín rẹ̀ ti ká bí ti arúgbó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa bí mi nínú bó ṣe ń bí mi yìí. Oko ló ń ṣe lọ́nà Ìkòyí. Ó ta àgbàdo, ó kó owó náà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta máṣíìnì, ó san ìdá kan sílẹ̀, ó ní òun á máa san ìyókù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbé e dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń fọn fèrè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jáde wá wo Honda bàbá àgbà!" Mo jáde. Lóòótọ́, ó jọ Honda tí bàbá àgbà gùn títí tó fi fẹ̀yìn tì: iná roboto, tánkì pupa, irin dídán níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lára tánkì kì í ṣe Honda, n kò rí orúkọ náà rí, n kò sì tún rí i mọ́ láti ìgbà náà. Mo ní, "Àbúrò, ta ló ń ta pátì èyí?" Ó ní ẹni tó tà á fún òun ní pátì Honda ló ń wọ̀ ọ́.

Kò wọ̀ ọ́. Oṣù kẹta ni jíà rẹ̀ kọ̀. A gbé ti Honda, ó tóbi jù. A gbé ti Jincheng, kò jọra rárá. A ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, a ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n fi méjì ránṣẹ́, ìkankan kò bá a mu. Máṣíìnì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọ̀sẹ̀ kò wà nílẹ̀, ó ń rìn. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n fi mọ́tò akẹ́rù wá gbé e lọ, pẹ̀lú irin dídán rẹ̀. Owó àgbàdo ti lọ. Nígbà tó bi wọ́n pé ṣé wọn kò ní í dá díẹ̀ padà fún òun, wọ́n fi ìwé tó fọwọ́ sí hàn án. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwé mẹ́fà ló kà kó tó wọ oko.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá dúró níwájú mi, tó bi mí pé Boxer ni àbí TVS, n kì í dá a lóhùn. Èmi náà á bi í ní tèmi. Ibo lo ń gbé? Mẹkáníìkì wo ló sún mọ́ ọ? Èwo ló ti tú rí nínú méjèèjì? Tó bá dákẹ́, mo máa ń sọ fún un pé kó lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀ kó tó lọ bá ẹni tó ń ta máṣíìnì. Lẹ́yìn náà, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù pátì mẹ́ta, kò pọn dandan kí tèmi wà níbẹ̀, kó béèrè iye ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bíréèkì ṣúù, kílọ́ọ̀ṣì pílétì, púlọ́ọ̀gì, àti kéébù. Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ní gbogbo rẹ̀ lórí pẹpẹ ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Èyí tó bá ní "jẹ́ n bá ọ wá a" náà ti dáhùn.

Wọ́n á ní mo ń sá fún ìbéèrè. Ó dáa. Bí wọ́n bá ní dandan ni kí n dárúkọ, Boxer ni mo máa ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò tèmi rà, torí pé òun ló pọ̀ jù níbẹ̀, ohun tó bá sì pọ̀ ni ọwọ́ mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì níwájú mi lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà tó bá ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wá láti àdúgbò tó jẹ́ pé HLX 125 ni gbogbo wọn ń gùn, TVS ni kí ẹ rà, kí ẹ má wulẹ̀ fèsì fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kì í kúrò láàárín Takie, Sábó àti Under G, kó gba ti 100, kó jìnnà sí ti 150. Agbára tí kò lò ni yóò máa fi epo san.

Epo yìí gan-an ló yẹ kó ti parí àríyànjiyàn lórí ẹwà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù náà tó parí, lítà epo kan ti kúrò ní nǹkan bí 190 náírà, ó ti kọjá 480. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún ọjà dọ́là, gbogbo pátì tó ń ti òkèèrè bọ̀ sì gbówó lórí lójú mi báyìí. Páálí tí mo fi owó kan kó lọ́sẹ̀ yìí, owó yẹn kò lè kó ààbọ̀ rẹ̀ mọ́ nígbà tó yá. Ìgbà yẹn ni àyédèrú pátì wá gbòde. Páálí rẹ̀ jọ ti ojúlówó, lẹ́tà rẹ̀ jọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e lé ọwọ́, ẹ ó mọ̀ pé ó fúyẹ́. Ẹ tún rí i? Ojú tó jọra ni wọ́n tún fi ń mú wa.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé mi ò mọ iyì ẹwà, pé akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró ní Under G máa ń wo ọ̀kadà tó bá rẹwà kó tó gùn ún. Òótọ́ ni. Mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ náà, kò ní í sọ fún yín pé iná roboto lòun wò. Èyí tí wọ́n fọ̀ láàárọ̀, tí àga rẹ̀ kò ya, tí ẹni tó ń gùn ún wọ aṣọ tó mọ́, lòun wò. Omi àti ọṣẹ kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lára.

Orúkọ fúnra rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ na ara wọn? Ẹ wo ọ̀kadà tí à ń pè ní ọ̀kadà. Orúkọ ọkọ̀ òfurufú ni, Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tó sọ lórúkọ ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ Edo. Ọkọ̀ òfurufú náà kò fò mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Orúkọ rẹ̀ ló kù, tó ń jà fún èrò ní Takie. Bí orúkọ ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ó lè kù sílẹ̀ kí ohun tó ń jẹ́ ẹ ti kú. Ẹni tó bá ń ra orúkọ tó wà lára tánkì, kó mọ ohun tó ń rà.

Ìjà wà tó yẹ kí a bá àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí jà, a kò jà á torí pé a ń bá ara wa jà nítorí wọn. Nàìjíríà wà lára àwọn ọjà tó tóbi jù lọ tí Bajaj ní lẹ́yìn odi India. TVS náà mọ ọ̀nà ilé wa. Owó tí wọ́n rí lójú pópó wa wà lára owó tí wọ́n fi ń ṣe fàájì pẹ̀lú orúkọ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí la gbà padà? Ní oṣù Kìíní 2009 tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi dandan lé akoto, àwọn ọlọ́kadà kan de igbá mọ́rí, àwọn mìíràn de ike ọ̀dà, gbogbo ayé fi wá rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín náà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tí ẹni tó ń ta máṣíìnì tó ń gbé èèyàn méjì, ó kéré tán, fi ń tà á láìsí akoto méjì. Títí di òní olónìí, ẹ lọ wo orí àwọn èrò tó ń gun ọ̀kadà ní Takie.

Bí mo bá ní àǹfààní láti jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń ta Boxer àti àwọn tó ń ta TVS lórí tábìlì kan, n kò ní í bi wọ́n pé èwo ló le jù. Akoto méjì ni mo máa béèrè pẹ̀lú máṣíìnì kọ̀ọ̀kan. Mo máa béèrè ìwé iye owó pátì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí wọ́n ti ń tà á, kí ẹni tó ń bọ̀ láti oko lè rí ohun tó ń kówọ bọ̀. Mo sì máa béèrè pé kí ìwé àdéhùn ẹni tó ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wà ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kọ àpapọ̀ owó tó máa san síbẹ̀ gàdàgbà, kí wọ́n sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí pátì kò bá sí lọ́jà. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wọ́n tó irin dídán tí wọ́n fi ń bo sàlẹ́ńsà.